Ẹ Mọ Aláró Yín Kí Ẹ Tó Forúkọ Òwò Sílẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, oníbàárà mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àga pálọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni, àga aláwọ̀ wàrà, aró sì ti yí i lára níbi tí oníbàárà mi jókòó sí. Ìró àdìrẹ tí mo tà fún un ló ró lọ síbẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn kọ ọ́ pé, "Àǹtí, ẹ wò ó."

Nígbà yẹn, mo ti forúkọ òwò mi sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ti wà nínú férémù. Mo ti tẹ orúkọ sára ọ̀rá tí mo fi ń di ọjà, mo sì ti ṣí àkáǹtì òwò ní báǹkì. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni pé n kò mọ ẹni tó rẹ aṣọ tí mo ń tà. Orí Instagram ni mo ti rí ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, ó sì sọ fún mi pé òun fúnra òun lòun ń rẹ ẹ́. Nígbà tí mo pè é nípa àga yẹn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà rà á ni o." Mo dá owó oníbàárà padà, mo sanwó fún ẹni tó fọ àga, ogún àdìrẹ sì jókòó tì mí nílé tí n kò lè tà fún ẹnikẹ́ni. Aya tí a fẹ́ lójú agbo ijó, ìran ni yóò wò lọ. Ojú agbo ijó gan-an ni mo ti fẹ́ tèmi.

Bí mo ṣe ń wá ọlọ́jà báyìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ máa ra àdìrẹ lódidi ní Abẹ́òkúta kó máa tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fẹ́ ta ankara láti Balógun tàbí Gbágì, tàbí aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn, yóò rí èyí tó pọ̀ mú lò níbẹ̀.

Ìdí tí kì í fi í ṣe ọ̀dọ̀ CAC la ti ń bẹ̀rẹ̀

N kò ní kí ẹ má forúkọ sílẹ̀ o. Báǹkì kì í ṣí àkáǹtì òwò fún ẹni tí kò ní ìwé CAC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, àwọn oníbàárà kan kò sì ní sanwó sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹnì kan lásán. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ní ẹrù tirẹ̀. Ẹ ó kọ irú òwò tí ẹ fẹ́ ṣe sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ ó yan orúkọ, orúkọ yẹn sì máa ń fẹ́ gbé irú ọjà dání. Ẹni tó pe òwò rẹ̀ ní Ilé Àdìrẹ, tó wá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé léèsì ni ọwọ́ òun tẹ̀ dáadáa, owó míì ni yóò fi tún orúkọ ṣe. Láti ọdún tó bá tẹ̀lé ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ ó máa fi ìwé ìròyìn ọdọọdún (annual returns) ránṣẹ́ sí CAC, kó má kọjá ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọjà tà o, kò tà o. Ẹni tí kò bá fi í ránṣẹ́, owó ìtanràn ń dúró dè é.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Òfin CAMA ti ọdún 2020, èyí tó ń darí kọ́ńpìnnì àti orúkọ òwò, kò fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ gan-an ṣòwò, ìyẹn orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, forúkọ òwò sílẹ̀. Tí ẹ bá ti wá fi "Àdìrẹ" tàbí "Aláṣọ" kún un, ó ti di orúkọ òwò nìyẹn. Ẹ lè fi orúkọ yín ta ọjà díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, fún àwọn ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, àti àwọn tó wà nínú fóònù yín, títí ẹ ó fi mọ ẹni tí ẹ ó dì mú. Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá bi mí. Kó sì jẹ́ oṣù mẹ́ta tí òjò wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ mọ aṣọ tí ẹ ń wá

Tí ẹ bá dé ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta tí ẹ ní "àdìrẹ ni mo fẹ́ rà," ó dà bí ìgbà tí èèyàn dé ọjà tó ní oúnjẹ lòun fẹ́ rà. Àdìrẹ oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára, bí Olókun tàbí Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Màpó máa ń wà lára rẹ̀. Kàmpálà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe àwọn aláràbarà tí wọ́n fi aró òyìnbó ṣe. Yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, aṣọ kan tún wà tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára láti òkè òkun, wọ́n sì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tòótọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn tà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Tèmi ni: "Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ lórí aṣọ òwú, yáàdì márùn-ún, aró dúdú àti aró ojú ọ̀run, èyí tí obìnrin lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́." Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n máa ra gbogbo ohun tó bá ń dán.

Ta gan-an lẹ ń bá sọ̀rọ̀?

Láàárín ikòkò aró àti fóònù oníbàárà, ọwọ́ tí aṣọ kan ń gbà lè tó mẹ́rin. Aláró wà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wọ aró. Ẹni tó ń ra aṣọ funfun tó ń gbé iṣẹ́ fún aláró wà, òun ló sábà máa ń ní ọnà tuntun lọ́wọ́. Ọlọ́jà tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ítòkú wà, ó ń kó ti aláró mẹ́fà méje jọ. Alágbàtà wà, tó ń rà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹnì kan tún ti dé báyìí tí kò ra nǹkan kan rárá: àwòrán ẹlòmíì ló ń gbé kiri, ìgbà tí ẹ bá sanwó ló ń lọ wá aṣọ.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ tó burú. Ọlọ́jà Ìtòkú lè wúlò fún yín ju aláró lọ níbẹ̀rẹ̀, nítorí onírúurú ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì lè mú márùn-ún péré. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ má lọ san owó alágbàtà fún ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní aláró.

Ìbéèrè kan máa ń tú àṣírí yìí. Ẹ fi àwòrán ọ̀kan nínú ọjà rẹ̀ hàn án, kí ẹ ní, "Tí mo bá fẹ́ kí dúdú rẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ, ṣé ẹ lè ṣe é?" Ojú ẹsẹ̀ ni aláró máa dáhùn: á sọ iye ìgbà tí òun ní láti tì í bọ aró sí i, á sọ pé owó rẹ̀ á gbówó lórí, á sọ ọjọ́ tó máa gbà. Alágbàtà á ní kí ẹ jẹ́ kí òun padà pè yín. Ẹ tún ní kó ṣe fídíò kékeré fún yín níbi tí aṣọ yẹn gan-an wà, kó ká a sílẹ̀, kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, kó sì dárúkọ ọjọ́ òní lẹ́nu. Ẹni tó ń gbé àwòrán ẹlòmíì kiri kò lè ṣe é.

Ẹ lọ síbẹ̀

N kò rí ohun tó lè rọ́pò ẹsẹ̀ yín. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021 láàárín Èkó àti Ìbàdàn ń dúró ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyinká pè ní Láderin. Ẹ ó tún wọ mọ́tò wọ ìgboro, nítorí ibùdókọ̀ náà jìnnà sí ọjà. Ẹ tètè dé, kó tó di pé èrò pọ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ṣì ń pàtẹ tí wọ́n sì ráyè sọ̀rọ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́, ẹ má rà ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ìwé àti bírò ni kó wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá tí mo ń bá ṣòwò di òní, àgbàlá ilé wọn ni mo bá a, apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àrẹdú o."

"Hẹ́ẹ̀n, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?"

"N kò tíì fẹ́ rà lónìí, mà. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ yín ni."

Ó wò mí, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó tọ́ka sí àpótí. "Jókòó."

Mo bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n lè rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òòrùn ni kó o bi."

Èsì yẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń wá. Aṣọ tí wọ́n rẹ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí wọ́n tó tú ìdì rẹ̀, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kó tún gbẹ. Nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, ohun tó ń gba ọjọ́ mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gba ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣèlérí fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "ọjọ́ mẹ́ta ni aṣọ yín á dé" láìbi òòrùn, ìtìjú ló ń dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí oṣù òjò wà nínú oṣù ìdánwò yín.

Ẹ béèrè iye tó kéré jù tí wọ́n ń tà lódidi. Ẹ béèrè iye owó ẹyọ kan, iye rẹ̀ tí ó bá di mẹ́wàá, àti iye rẹ̀ tí ó bá di àádọ́ta. Ẹ béèrè ẹni tó ń ra aṣọ funfun: ẹ̀yin ni tàbí àwọn? Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí àbàwọ́n bá wà lára ọ̀kan. Kí ẹ tó kúrò, ẹ yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta omi tàbí ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó tó ọdún mélòó tí ìyá yẹn ti wà níbẹ̀.

Ẹ dán aṣọ wò títí ọkàn yín á fi balẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹyọ kan tí ẹ rà yẹn, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má tà á. Ti ìdánwò ni.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Yáàdì márùn-ún jẹ́ ínṣì 180. Téèpù télọ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe apá, kì í ṣe ojú. Mo ti wọn èyí tó jẹ́ ínṣì 167 rí. Ínṣì mẹ́tàlá tí kò sí níbẹ̀ yẹn ni télọ̀ oníbàárà yín máa fi pè é pé aṣọ kò tó bùbá àti ìró. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yí i padà. Aṣọ tí wọ́n dì tàbí tí wọ́n rán kí wọ́n tó tì í bọ aró, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo ọnà rẹ̀: ti ẹ̀rọ máa ń padà wá bákan náà gẹ́lẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ti ọwọ́, kò sí òdòdó méjì tó jọra pátápátá. Lára alábẹ́rẹ́, ẹ ó rí ojú abẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá ìlà funfun tí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ. Ẹ gbé àwo tí omi wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣá iná sí i lórí àwo náà. Òwú gidi á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lábẹ́ ìka. Pọlísítà á ká kò, á yọ́, á di kókó líle bí orí abẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ọ̀rá tó jóná. Bí ọlọ́jà bá sọ pé òwú ni, tí kókó dúdú sì wà nínú àwo yín, ẹ kò nílò ìdánwò kejì.

Ẹ wá mú áńkáṣíìfù funfun, ẹ rin ín, kí ẹ fi ra ojú aṣọ náà nígbà ogún. Aró díẹ̀ tó bá yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun ìyanu, pàápàá lára dúdú. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni tí áńkáṣíìfù bá di aláwọ̀ aró látòkè délẹ̀, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó rẹ ẹ́ kò fọ̀ ọ́ dé ibi tí omi ti mọ́ nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé àpòpọ̀ inú ikòkò kò dọ́gba. Ká ní mo ṣe ìdánwò yìí, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àga ìyá ọkọ oníbàárà mi ì bá wà ní funfun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà gbòde l'Abẹ́òkúta, ẹ̀sùn pọ̀ lọ́jà pé àdìrẹ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de lílo àwọn nǹkan wọ̀nyí, àwọn obìnrin aláró sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà gidigidi, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláró ló ń lo kọ́sítíìkì, n kò sì rí i bí àléébù. Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn ń lò ó. Wọ́n ń wọn ohun tí wọ́n ń lò, wọ́n ń fọ aṣọ títí omi á fi mọ́, ohun tí mo ń sanwó fún sì nìyẹn.

Ó ku fífọ̀. Ẹ gé àwẹ́ kan lára aṣọ náà, kí ẹ fi bírò sàmì sí ínṣì mẹ́wàá ní gígùn àti ínṣì mẹ́wàá ní fífẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sá a, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí mẹ́wàá bá di mẹ́sàn-án àbọ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Lára yáàdì márùn-ún, ínṣì mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ pa á náà. Ẹ̀kọ àti lílù máa ń mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ le koránkorán bí aṣọ olówó ńlá, ìgbà tí ẹ̀kọ bá ti bá omi lọ ni ẹ tó mọ irú aṣọ tó jẹ́.

Ìwé, orúkọ, àti àkáǹtì

Tí ọlọ́jà bá sọ pé òun ní ilé-iṣẹ́, ẹ wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC. Wíwá orúkọ níbẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nọ́ńbà tó bá ní RC níwájú, ti kọ́ńpìnnì ni. Èyí tó ní BN, ti orúkọ òwò ni. Ẹ ó rí bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n ti kọ ọ́ sí "INACTIVE". Èyí tó kẹ́yìn yìí sábà máa ń jẹ́ pé wọn kò fi ìwé ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́. Kò túmọ̀ sí pé olè ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó ìbéèrè.

Ọ̀pọ̀ ìyá aláró kò ní ìwé kankan, ẹ má fi ìyẹn kọ̀ wọ́n. Ohun tí mo máa ń wò ni pé kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá orúkọ ẹni tó wà níwájú mi mu. Bó bá jẹ́ àkáǹtì ọmọ wọn ni, kí ọmọ náà wà níbẹ̀ tàbí kí n bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójú ìyá rẹ̀. Ẹni tí ẹ kò rí rí, tó ní kí ẹ san gbogbo owó sínú àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì pátápátá, kí ẹ yáa dá a dúró.

Ẹni tó fẹ́ fi ọṣẹ dúdú tàbí ìpara kún ọjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ìpara, wọ ibẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC ọjà náà kí ẹ tó ra ẹyọ kan.

Ìṣirò tí kò gbọ́dọ̀ wà nínú orí nìkan

Ká sọ pé wọ́n ń ta ẹyọ kan fún yín ní ₦8,000 tí ẹ bá ra mẹ́wàá, ẹ sì fẹ́ máa tà á ní ₦14,000. Àpẹẹrẹ ni iye yìí o, ti ọjọ́ tí ẹ bá dé ọjà ni kí ẹ lò. Ojú á kọ́kọ́ rí èrè ₦6,000. Ẹ dúró ná.

Owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ₦12,000. Lórí mẹ́wàá, ₦1,200 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá àti lébẹ́ẹ̀lì, ₦400. Dátà àti àwòrán, ₦500. Ìpolówó lórí Instagram, ₦500. Nínú mẹ́wàá, ẹ ka ọ̀kan sí èyí tí àbàwọ́n lè wà lára rẹ̀ tí ẹ kò ní lè tà: ₦8,000, tí ẹ bá pín in, ₦800. Bí oníbàárà bá fi káàdì sanwó, Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń mú ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100. Lórí ₦14,000, ₦310 nìyẹn. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ₦8,000, ó di ₦11,710. Èrè yín kì í ṣe ₦6,000 mọ́, ₦2,290 ni. Ẹ kò sì tíì san owó fún ara yín fún ọjọ́ kan tí ẹ fi rin ìrìn Abẹ́òkúta.

Kì í ṣe pé kí ẹ sá fún òwò náà ni mo ṣe ṣe ìṣirò yìí. Òun ló ń sọ ohun tí ẹ ó bá ọlọ́jà ná. Bí ẹ bá ra ogún lẹ́ẹ̀kan, owó ọkọ̀ á dín sí ìdajì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá bá gbà láti pààrọ̀ èyí tó ní àbàwọ́n, ₦800 yẹn padà sápò yín. Mo máa ń fẹ́ gba àdéhùn ìpààrọ̀ ju ẹ̀dínwó ₦300 lọ, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn gbangba.

Ìpààrọ̀ yìí tún ní ìdí míì. Lójú òfin ààbò oníbàárà tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ FCCPC ń bójú tó, ẹ̀yin tí ẹ tà á ni oníbàárà máa dì mú. Kò mọ aláró, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan

Ìrajà àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ló ń ṣe dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ẹ máa mọ ọlọ́jà, nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti Èkó láìlọ síbẹ̀, tí ẹ ní kó di ọjà mẹ́wàá sínú mọ́tò. Ṣé mẹ́wàá náà pé? Ṣé àwọ̀ tí ẹ sọ ló rán wá? Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ dá ọ̀kan padà. Kó jẹ́ èyí tí àléébù wà lára rẹ̀ lóòótọ́ o, ẹ má purọ́. Bí wọ́n bá ṣe gba ìpè yẹn ni ìwà wọn ṣe máa rí láti ìgbà náà lọ.

Ẹ ṣe èyí pẹ̀lú èèyàn méjì, má ṣe jẹ́ ẹnì kan. Ìyá lè ṣàìsàn, ó lè rìnrìn àjò, ó lè gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí ńlá tí kò ní ráyè tiyín fún oṣù kan.

Àwọ̀ máa ń yàtọ̀ láti ikòkò dé ikòkò, aláró olóòótọ́ kan kò ní ṣèlérí fún yín pé ti oṣù yìí á bá ti oṣù tó kọjá mu gẹ́lẹ́. Mo ní ìwé kan tí mo ń lẹ àwẹ́ kékeré mọ́, bí èékánná méjì ní fífẹ̀, láti ara gbogbo aṣọ tí mo bá rà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọjọ́, orúkọ aláró, iye owó, àti ohun tí áńkáṣíìfù sọ. Nígbà tí ìdílé kan ní London ní àwọn fẹ́ ogójì fún ìgbéyàwó, ìwé yẹn ni mo ṣí, mo fi àwọ̀ hàn wọ́n nínú fídíò, mo sì sọ fún wọn pé ikòkò kan náà ni wọ́n máa ti rẹ ogójì náà tàbí kí n má gbà á. Ìyá ní kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún ìdílé náà pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni.

Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹnu sọ, ẹ tún kọ ọ́ sí WhatsApp lọ́jọ́ yẹn gan-an: iye, àwọ̀, ọjọ́, iye owó, ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀, àti bóyá wọ́n gbà kí ẹ ya ọjà wọn ní fọ́tò. Bí ìyá kò bá kàwé, ẹ fi ohùn sọ ọ́ ránṣẹ́, kí wọ́n sì fi ohùn dáhùn.

Ó wá kan CAC

Tí ẹ bá ti ra ọjà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ èèyàn méjì, tí ìṣirò dúró, tí oníbàárà tí kì í ṣe ẹbí yín ti padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí ìkànnì CAC bóyá ẹlòmíì ti mú un, kí ẹ sì wò ó lórí Instagram náà, nítorí orúkọ tí CAC gbà lè ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì níbẹ̀. Tí CAC bá fọwọ́ sí orúkọ, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi ń bá yín pa á mọ́ kí ẹ fi parí ìforúkọsílẹ̀. Nínú àlàyé irú òwò, ẹ kọ títa aṣọ ní gbogbogbòò, ẹ má fi àdìrẹ nìkan há ara yín mọ́.

Lọ́jọ́ tí àkáǹtì òwò bá ṣí, ẹ pe aláró yín kí ẹ tó fi owó kankan ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Orúkọ tuntun ni wọ́n máa rí lórí alẹ́ẹ̀tì wọn. Ìyá aláró mi pa ọjà mi mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà nítorí wọn kò mọ ẹni tó sanwó. Nígbà tí mo pè, wọ́n ní, "Èyí tí wọ́n fi orúkọ kan san yẹn, ìwọ ni? Mo ti ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn.